Ojú mi rí nǹkan kí n tó mú nínú Morris Minor àti Ìjàpá

Owó tí mo ná lórí irin kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ṣì ń dùn mí. Bàbá mi ló fi Morris Minor 1000 sílẹ̀, ti 1961, ẹ́ńjìnì 948cc. Ẹ̀gbọ́n wọn náà fi Ìjàpá sílẹ̀, Volkswagen Beetle 1200 ti 1965, àwọn ọmọ wọn ní kí n wá wọ́ ọ lọ. Mo ní màá tún méjèèjì ṣe, màá wà wọ́n wò, màá wá ta ìkan.

Ìjàpá ò yọ mí lẹ́nu. Ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò sí rọ́díétọ̀ tó máa jò. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ó ti ń rìn, àfi iná iwájú ẹ̀ tó ń ṣe bààbààbàà torí bátìrì 6 volt ló ń lò.

Ká má purọ́, Morris dùn ún wà jù ú lọ. Tẹ́ẹ bá yí sítíárì báyìí ó ti gbọ́, kọ́nà ò dẹ́rù bà á, orí mi ń wú pé mọ́tò bàbá mi rèé, àfi ká dé Mọ́níyà kí táyà iwájú lápá òsì ká sábẹ́ mọ́tò gbàgà! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò sáré.

Trunnion ló já. Irin yẹn ló di ẹsẹ̀ táyà mú, ó ní tẹ́ẹ̀dì nínú, ìlà tó yí po bíi ti nọ́ọ̀tì, tẹ́ẹ ò bá fún un ní gíríìsì tẹ́ẹ̀dì á jẹ tán, kò sì sẹ́ni tó fún un láti ọdún gbọọrọ. Mẹkáníìkì ní òun máa jó o pọ̀, mo ní kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá a káàkiri Ìbàdàn, mo dé Ládipọ̀ l'Ékòó, kò sí. Mo ní kí wọ́n bá mi rà á ní London, oṣù méjì gbáko kó tó dé, owó kíkó ẹ̀ wálé ju owó irin fúnra ẹ̀ lọ, ìgbà tá a tú u, ti ọ̀tún ni wọ́n fi ránṣẹ́! Tẹ́ẹ̀dì ọ̀tún àti òsì ò sì bára mu, ìkan ń yí sọ́tùn-ún, ìkejì ń yí sósì. Mo tún san owó míì. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra Morris, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ẹ̀, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kẹ́ẹ mì í. Tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ má tíì sanwó. Kẹ́ẹ sì rántí pé wọn ò ṣe é mọ́ láti 1971, Ìjàpá ni wọ́n ṣì ń ṣe ní Mexico títí di 2003, wọ́n tò ó l'Ékòó níbí náà, ìyẹn ni pátì ẹ̀ ṣe rọrùn.

Ìjàpá ni mo tà. Morris wà níwájú ilé mi, gíríìsì sì wà nínú búùtù ẹ̀. Ẹni tó ta ti ọ̀tún fún mi ò tíì dá owó mi padà.