Àwọn Àṣìṣe Tó Yẹ Kí Ẹ Yẹra Fún Bí Ẹ Bá Fẹ́ Pín Ogún Yín Sílẹ̀

Ẹni tó bá rìn káàkiri Òṣogbo kò ní í ṣàì rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí lára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Nígbà mìíràn, gbájúẹ̀ ni wọ́n fi ń lé, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọmọ bàbá kan náà ló ń bára wọn fa ilé ọ̀hún, nítorí pé bàbá wọn kò kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀, tàbí pé ó kọ ọ́ lọ́nà tí òfin kò lè gbà wọlé. Ó máa ń dùn mí púpọ̀, nítorí pé ohun tí ènìyàn lè yanjú nígbà ayé rẹ̀ ni.

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tó burú jù ni kí ènìyàn máa pín ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Òfin ìwé ìhágún, ìyẹn ìwé tí ènìyàn fi ń sọ bí wọn yóò ṣe pín ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí à ń lò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti wà láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọdún 1958, ó sì sọ pé ẹni tó ń kọ ìwé ìhágún kò gbọdọ̀ ré kọjá ohun tí àṣà ìbílẹ̀ gbà. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ tí bàbá ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ kò lè há ilẹ̀ náà fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ló fi ra gbogbo búlọ́ọ̀kù àti páànù tó wà lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ bá lọ́yà, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fi owó ara yín rà sí apá kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ̀yin àti àwọn mìíràn jọ ni sí apá kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ìwé ilẹ̀ yín jáde kúrò nínú àpótí, kí ẹ yẹ rìsíìtì kọ̀ọ̀kan wò fínnífínní. Orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀? Àwọn wo ló fọwọ́ sí i ní orúkọ ẹbí tó ta ilẹ̀ náà? Ǹjẹ́ olórí ẹbí wà lára wọn? Ilé ẹjọ́ kò ka ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n tà lẹ́yìn olórí ẹbí sí títà rárá. Bí ẹ bá rí irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀, ẹ tètè lọ tún un ṣe nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣì wà láyé, nítorí pé àwọn ọmọ yín kò ní í mọ ẹni tí wọn yóò bi.

Àwọn mìíràn kì í kọ nǹkan kan rárá, wọ́n gbà pé àwọn ọmọ á pín in bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún, ìyàtọ̀ àárín wọn sì pọ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé ilé ẹjọ́ ní London ní ọdún 1962, fi èyí hàn kedere. Ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni bàbá náà ní. Bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ọ̀nà mẹ́rin ni ogún á pín sí, ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó jẹ́ òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí á sì gba odindi ìdá mẹ́rin kan. Ìdí-igi ni ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí àṣà, olórí ẹbí sì lè pàṣẹ orí-ò-jorí bí aáwọ̀ bá wà. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì ní láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ìyàwó ló máa ń jìyà jù nínú àìkọ̀wé yìí. Lábẹ́ àṣà, aya kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ìyàwó tó ń ṣòwò ní Ọjà Ọba, tí owó rẹ̀ sì wà nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́, lè máa gbé inú ilé náà lẹ́yìn ikú ọkọ, ṣùgbọ́n kò lè pè é ní tirẹ̀ bó bá jẹ́ orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé. Ti àwọn tó ṣe ìgbéyàwó kóòtù yàtọ̀, nítorí pé òfin fún aya ní ìpín. Ohun tó dára jù ni kí orúkọ tọkọtaya wà lórí ìwé ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi ọmọ kankan pamọ́, nítorí pé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 kò gbà kí a fi ẹ̀tọ́ du ọmọ nítorí irú ọ̀nà tí a gbà bí i. Ọmọ tí ẹ kò dárúkọ lónìí á yọjú lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ní ti owó báǹkì, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí àwọn kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ àwọn jù ló ni owó náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí báǹkì yóò ránṣẹ́ sí ni. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ìdílé ní láti gba ìwé àṣẹ ìbójútó ogún ní ilé ẹjọ́ gíga kí báǹkì tó san kọ́bọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó fún ọmọ ní nọ́ńbà káàdì ATM, nítorí pé ẹni tó bá fi káàdì òkú gba owó lè rí ìjà àwọn àjogún yòókù, ó sì lè rí ti ọlọ́pàá. Ẹ kọ owó àjọ, owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti gbèsè tí ẹ jẹ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí pé a ó kọ́kọ́ san gbèsè kí a tó pín ogún.

Bí ẹ bá wá ń kọ ìwé ìhágún náà, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níjòókòó lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ ń fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe fi ẹni tí ẹ há nǹkan fún ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ má sì ṣe fi ọkọ tàbí aya rẹ̀ ṣe é, torí pé ohun tí ẹ há fún un á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ rí i pé wọ́n ka ìwé náà sí òun létí ní Yorùbá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àwọn ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ẹ rántí pé ìgbéyàwó kóòtù tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn náà máa ń sọ ìwé ìhágún àtijọ́ di asán. Àwọn Mùsùlùmí kò lè há ju ìdá mẹ́ta kan lọ, wọn kì í sì í há a fún ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún àyàfi tí àwọn àjogún yòókù bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, kí ẹ mú lọ́yà àti ààfáà jọ jókòó pọ̀.

Ẹ yan alámòójútó ogún, ìyẹn àwọn tí yóò mú ohun tó wà nínú ìwé ìhágún ṣẹ, méjì ó kéré tán, kí ọjọ́ orí ọ̀kan nínú wọn kéré sí tiyín. Ẹ fi ìwé náà pamọ́ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé ìhágún ní ilé ẹjọ́ gíga, kí ẹ sì sọ fún àwọn alámòójútó pé ibẹ̀ ló wà. Ẹ kò ní láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn.