Bẹ́ ẹ ṣe lè gba ilé yín lọ́wọ́ omi òjò l'Ékòó

Òjò Èkó kì í bá èèyàn lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta sí kẹrin, oṣù kẹfà ló máa ń le jù, á sinmi díẹ̀ lóṣù kẹjọ, ìyẹn August break, á tún padà dé lóṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá fẹ́ tún òrùlé ṣe, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kó ṣe é, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, torí tó bá ti di oṣù kẹfà, káfíńtà tó mọṣẹ́ láti Mushin dé Ṣómólú á ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹni tẹ́ ẹ bá wá rí á kàn fi gọ́ọ̀mù ra ibi tó ń jò ni, á gbowó, á lọ, òjò tó bá tẹ̀ lé e á tún gba ibẹ̀ wọlé.

Ohun kan tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ kí n tó sọ ìyókù ni pé, ẹ wá ibi tómi ń gbà wọlé kẹ́ ẹ tó náwó kankan. Àìmọye ilé ni wọ́n ti ń kun ọ̀dà sórí àbààwọ́n àjà lọ́dọọdún, tó bá di ọdún kejì á tún yọ, wọ́n á tún kùn ún. Ọ̀dà ò dí ihò, ó kàn ń bo àbààwọ́n lójú ni, igi tó wà lókè sì ń jẹrà lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ omi náà

Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá rọ̀, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì àti pẹ́ńsùlù, ẹ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i pó tutù tàbí pó ní àbààwọ́n, ìbáà jẹ́ lójú àjà, ìbáà jẹ́ lára ògiri tàbí lábẹ́ wíńdò, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí etí ẹ̀ ká, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i síbẹ̀. Tí òjò míì bá rọ̀ tí omi kọjá ìlà yẹn, ojú ibẹ̀ ṣì ń jò nìyẹn. Tí kò bá tutù rárá, àbààwọ́n àtijọ́ ni.

Tí ilé yín bá ní ibi tí wọ́n ń gbà gun òkè àjà, kí àgbàlagbà kan gùn ún lọ wò ó, orí igi nìkan ni kó máa tẹ̀ o, torí àjà POP àti PVC ò lè gbé èèyàn dúró. Ibi tómi ti ń kán sílẹ̀ lè máà jẹ́ ibi tó gbà wọlé rárá. Ó lè gba ojú ìṣó kan wọlé lókè lọ́hùn-ún, á wá rọra máa ṣàn lára igi bọ̀ nísàlẹ̀, tó bá dé ibi tí igi méjì ti pàdé ló máa já bọ́ sórí àjà yín. Igi tómi ń gbà kọjá máa ń dúdú ju èyí tó kù lọ, so ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé ojú dúdú yẹn lọ sókè títí tẹ́ ẹ máa fi dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni káfíńtà máa ṣiṣẹ́ sí.

Ti ògiri tún yàtọ̀. Ẹ gé nylon tó fẹ̀ tó ojú ìwé kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tó ń rin, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ nylon, inú ògiri lómi ti ń wá. Tó bá jẹ́ ojú nylon tó kọjú sí yàrá ló tutù, ooru inú yàrá ló ń di omi lára ògiri, bóyá torí ẹ́síì tàbí torí pé ẹ kì í ṣí wíńdò, ẹ má tíì pe bíríkìlà.

Páànù

Ìṣó tí wọ́n fi ń kan páànù máa ń ní rọ́bà lábẹ́ orí. Oòrùn Èkó máa ń sá rọ́bà yẹn títí á fi gan, á là, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìṣó wọlé. Tí káfíńtà bá kàn fi òòlù gbá ìṣó àtijọ́ wọlé, ihò yẹn ló tún ń fẹ̀ sí i. Kó yọ ọ́, kó fi èyí tó tóbi díẹ̀ tó ní rọ́bà tuntun rọ́pò, kó sì rí i pé ibi tó ga lára páànù lòun kàn án mọ́, kì í ṣe inú kòtò tómi ń gbà ṣàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Érékùṣù tàbí tí ilé yín sún mọ́ òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń tètè jẹ páànù onísíńkì, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri tó ga jù ú lọ náà, ẹ má gbàgbé ibẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ là.

Tó bá jẹ́ asbestos àtijọ́ ni òrùlé yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ha á, ẹ má gé e, ẹ má lu ihò sí i fúnra yín. Eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn tó sì ń fà lè pẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fojú hàn.

Dékìn àti parapet

Dékìn ni kọnkéré pẹrẹsẹ tó wà lókè ilé, parapet sì ni ògiri tó yí etí òrùlé ká. Àwọn ló ń fa wàhálà jù láwọn ilé tuntun, torí òrùlé ti fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan tó ń lọ níbẹ̀. Ewé, nylon omi pure water, bọ́ọ̀lù ọmọdé, ọ̀kan nínú wọn tó láti dí ẹnu páìpù, omi á wá kún inú kọnkéré yẹn bí adágún, kò sí ibòmíì tó lè gbà ju inú ilé yín lọ. Ẹ gun òkè lọ kó o kúrò lóṣù kejì, ẹ tún lọ wò ó láàárín òjò. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sẹ́nu páìpù. Páìpù kan ò tó, ó kéré tán kó jẹ́ méjì, kí wọ́n sì tún lu ihò kan sára ògiri parapet, kó rẹlẹ̀ ju ibi tí páànù ti bẹ̀rẹ̀ lọ, kómi lè ríbi tú jáde síta tí páìpù bá dí. Tẹ́ ẹ bá rí i tómi ń já bọ́ láti ihò yẹn, ẹ ti mọ̀ pé páìpù ti dí nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹni tó bá yín tún dékìn ṣe, ẹ dán an wò. Ẹ dí ẹnu páìpù, ẹ bu omi sí i kó ga níwọ̀n 3 sí 5 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, ẹ wá lọ wo abẹ́ ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi 5 sẹ̀ǹtímítà lórí mítà kan níbùú lóròó ti wúwo tó kílò 50. Ẹni tó bá mọṣẹ́ ò ní bínú sí àyẹ̀wò yìí. Tómi bá sì máa ń dúró lójú kan lórí dékìn, àfi kí bíríkìlà kọ́kọ́ fi sìmẹ́ńtì yọ́ ọ sí ọ̀nà páìpù kí wọ́n tó lẹ felt, ìyẹn nǹkan tí kì í jẹ́ kómi wọlé, mọ́ ọn, felt tó bá ń mumi lójoojúmọ́ kò ní pẹ́.

Wíńdò àti ẹ́síì

Wíńdò sliding ní ihò kéékèèké nísàlẹ̀ níta, ibẹ̀ lómi tó bá wọ inú rélì ẹ̀ ń gbà jáde. Eruku ló máa ń dí i. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún un, ẹ da omi díẹ̀ sínú rélì kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń jáde síta. Páìpù ẹ́síì náà, ẹ má jẹ́ kó máa kán sára ògiri, ẹ fà á dé ilẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé

Àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Ilẹ̀ tó yí ilé ká gbọ́dọ̀ yọ́ kúrò lára ògiri, torí tómi bá ń dúró sídìí ẹ̀, ògiri á máa fà á sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, ọ̀dà á máa ṣí, nǹkan funfun bí iyọ̀ á máa hù lára ẹ̀. Ẹ gbá gọ́tà iwájú ilé, kẹ́ ẹ sì kó ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ bá wà jáde sínú àpò kẹ́ ẹ gbé e lọ, torí tẹ́ ẹ bá kó o sí etí gọ́tà, òjò kan ṣoṣo á dá a padà. Ẹ bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ jọ ṣe é, gọ́tà tiyín nìkan ò lè gba yín sílẹ̀ tí tiwọn bá dí. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, gọ́tà mọ́ o, àmọ́ ọ̀sà ti kún, omi ò ríbi lọ, àfi kó dúró títí ọ̀sà á fi fà.

Ẹ̀yin ará Mile 12, Kétu àti Agboyi, tiyín lè má jẹ́ òjò rárá. Omi odò Ògùn máa ń kún dé ọ̀dọ̀ yín, pàápàá lóṣù kẹsàn-án sí kẹwàá tí wọ́n bá ń tú omi Ọ̀yán dam sílẹ̀, ojú ọjọ́ lè mọ́ kedere kómi ṣì máa gun òkè bọ̀. Ẹ gbé fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ sórí búlọ́ọ̀kù, ẹ fi ìwé ilẹ̀ àti sàtífíkéètì sínú nylon tómi ò lè wọ̀, ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ sì ní kí púlọ́mbà fi valve tí kì í jẹ́ kómi padà sẹ́yìn sí páìpù tó ń lọ sí soakaway, ìyẹn kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi ìgbẹ́ á gba inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ padà wọlé.

Tómi bá ti wọlé

Ẹ pa iná láti main switch kómi tó dé sókẹ́ẹ̀tì. Tí ibi tí switch wà bá ti kún fómi, ẹ má débẹ̀, ẹ jáde, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 tàbí 767. Lẹ́yìn tómi bá lọ, ẹ má tan iná títí ẹni tó mọ̀ nípa iná á fi yẹ̀ ẹ́ wò, sókẹ́ẹ̀tì lè gbẹ lójú kómi ṣì wà nínú ẹ̀.

Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni nǹkan tó tutù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu, so ẹ yára. Ẹ ṣí gbogbo wíńdò, ẹ kó káàpẹ́ẹ̀tì síta, mátírẹ́ẹ̀sì tí omi gọ́tà bá ti mu, ẹ jù ú nù, ó dùn mí fún yín àmọ́ kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fọ inú ẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ àti ògiri kẹ́ ẹ tó fi Jik tí ẹ pò mọ́ omi nù ún, ẹ má po Jik pọ̀ mọ́ kẹ́míkà ìfọlé míì, gáàsì ẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe. Tí àgbàrá bá wọ kànga yín, ẹ má mu ún, ẹ má fi fọ ẹnu àwọn ọmọ, títí wọ́n á fi fà á gbẹ tí wọ́n á fi chlorine sí i. Ní ti ọ̀dà, ẹ fi nylon yẹn dán ògiri wò lẹ́ẹ̀kan sí i, tí abẹ́ ẹ̀ bá ṣì gbẹ lẹ́yìn wákàtí méjìdínláàádọ́ta, ìgbà yẹn lẹ lè pe pẹ́ńtà.