Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ọmọ Lọ Gun Rélùwéè Eré àti Roller Coaster, Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Bóyá ọmọ yóò fẹ́ràn roller coaster, ọkọ̀ eré tó ń gun òkè tó sì ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí irin, bóyá yóò sì máa sá fún un, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa sọ. Èmi fi ojú ara mi rí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí mo mú un lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan, tí mo sì gbé e gorí èyí tó ga jù níbẹ̀ bí a ṣe wọlé. Ó ní, "Àǹtí, mi ò ṣe." Mo ní kò sí nǹkan kan, kó jókòó. Ó sunkún láti òkè dé ilẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko ni kò sì fi jẹ́ gun ohunkóhun tó bá ń yí. Ẹ̀bi mi ni. Àtìgbà náà ni mo ti ń to nǹkan bí mo ṣe fẹ́ tò ó fún yín yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mú ibi tí ẹ máa lọ àti ọjọ́. Trans Amusement Park wà ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde ẹ lè gba Mámù sí Ìdí-Ayùnrẹ́, ẹ sì lè gba Ṣágámù bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀. Hi-Impact Planet wà lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ìyẹn ló sì rọrùn jù fún àwọn ará Rẹ́mọ. Ibi yòówù kí ẹ mú, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó gbéra: èwo nínú àwọn ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́, báwo ni ọmọ ṣe gbọ́dọ̀ ga tó kó tó lè gun ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣé owó àbáwọlé yàtọ̀ sí owó ìgùn? Ẹ má lọ ní ọjọ́ Kérésì, tàbí ní 27 May tí í ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé, nítorí èrò. Ẹ má sì fi ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ṣe é. Ta ni yóò rí ọ̀nà jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ yẹn? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú nínú họlidé dáa jù.

Ìgbésẹ̀ tó kàn, nílé ni, òun ni mo sì kà sí jù. Ohun tí ọmọ ò mọ̀ ló ń bà á lẹ́rù, nítorí náà ẹ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún un. Ẹ sọ fún un pé èyí tó pọ̀ jù nínú roller coaster kò ní ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀. Ṣéènì ló ń fà á gun òkè àkọ́kọ́. Tó bá dé orí, ṣéènì á fi í sílẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò sì máa fi sáré títí dé ìparí. Ìdí nìyẹn tí òkè àkọ́kọ́ fi ń ga ju ìyókù lọ: agbára tí ọkọ̀ bá kó jọ níbẹ̀ ni yóò máa ná lọ. Bó bá bi yín pé ṣé ọkọ̀ ò ní fò kúrò lórí irin, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé táyà rẹ̀ tó ìsọ̀rí mẹ́ta: èyí tó ń yí lórí irin, èyí tó gbá ẹ̀gbẹ́ irin mú, àti èyí tó wà lábẹ́ irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra nílẹ̀. John Miller, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ (patent) lórí táyà abẹ́ yẹn ní 1919.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ náà. Ọmọ ìyá ni rélùwéè àti roller coaster. Ní Mauch Chunk, ní Pennsylvania, wọ́n tẹ́ irin ní 1827 láti fi máa kó èédú sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó kí wọ́n lè gùn ún fún ìgbádùn. LaMarcus Thompson wá kọ́ tirẹ̀ sí Coney Island, ní New York, ní 1884. Eré rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 10 ní wákàtí kan, ọ̀kadà àdúgbò wa yá jù ú lọ dáadáa. Roller coaster Formula Rossa tó wà ní Abu Dhabi lóde òní ń sá kìlómítà 240.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ gbé e gorí jangilófà. Inú tó máa ń fúyẹ́ lójijì nígbà tí jangilófà bá dé òkè tó fẹ́ padà, ìyẹn náà ni yóò bá pàdé lórí roller coaster, àfi pé ti ibẹ̀ lágbára jù ú lọ. Ọmọ tó bá ń pariwo pé kí ẹ tì í sókè sí i ti múra tán. Èyí tó bá di okùn mú gírígírí tó ní kí ẹ sọ òun kalẹ̀, rélùwéè eré tó ń yípo ọgbà ti tó fún un lọ́dún yìí.

Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn gíga rẹ̀ lára ògiri, láìwọ bàtà. Ní Space Mountain ti Disney ní Florida, ọmọ tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 112 kò ní gùn ún. Irin ìdábùú tó ń di èèyàn mú sórí àga ni wọ́n ń rò. Ọmọ tó bá kéré lè yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Torí náà ẹ má sọ fún un pé kó fi ìka ẹsẹ̀ dúró kí wọ́n lè gbà á wọlé. Aláboyún, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru, wárápá tàbí ìrora ọrùn àti ẹ̀yìn, kí wọ́n dúró nílẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ẹ tó ṣèlérí kankan fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, oúnjẹ díẹ̀: búrẹ́dì tàbí bisikíìtì, àti omi. Mo mọ̀ pé gààrí Ìjẹ̀bú tútù pẹ̀lú ẹ̀pà dùn, ṣùgbọ́n gààrí á wú sínú ikùn, yóò sì padà jáde lójú gbogbo èèyàn. Bàtà tó ní okùn ni kó wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ìborùn, yẹtí gígùn àti gíláàsì, ẹ kó wọn sínú báàgì. Aṣọ tó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lè kọ́ mọ́ táyà.

Ẹ̀yin nìyẹn nínú ọgbà. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró wo ẹ̀rọ náà kó yí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹni tó ń darí rẹ̀ ń fọwọ́ fa irin ìdábùú ẹnì kọ̀ọ̀kan wò, àbí ojú lásán ló ń fi wò ó? Ṣé okùn ni wọ́n fi so àga mọ́lẹ̀? Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ kọjá lọ, kódà bí ọmọ bá ń sunkún.

Bí NÉPÀ bá mú iná lọ ńkọ́? Gbogbo ọmọ ló máa ń bèèrè. Ohùn kà-kà-kà tí ẹ máa gbọ́ bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, irin kékeré kan ló ń bọ́ sínú eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ má lè yí padà sẹ́yìn. Bí iná bá lọ níbẹ̀, ọkọ̀ á dúró ni. Ẹ jókòó, kí ẹnikẹ́ni má tú bẹ́lítì, títí àwọn òṣìṣẹ́ á fi wá bá yín. Bó bá ti kọjá orí òkè, kò nílò iná kó tó sọ̀kalẹ̀.

Rélùwéè ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nínú, ẹ yípo ọgbà, kí ọmọ fi ojú rí gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà roller coaster kékeré, bí ó bá wà. Ẹ jókòó sí àárín. Ẹ̀yìn ló máa ń le jù bí ọkọ̀ bá ń ré orí òkè kọjá, nítorí àwọn tó wà níwájú ti ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ń fa ti ẹ̀yìn. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ti irin ìdábùú náà wò; bí kò bá há, ẹ pariwo kí ọkọ̀ tó gbéra. Orí kó fara ti àga, ẹsẹ̀ kó tẹ ilẹ̀, ojú kó máa wo irin tó wà níwájú. Ẹni tó bá dijú ni èébì máa ń tètè gbé. Kó má sí ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu. Kó sì pariwo bó ṣe fẹ́.

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ jókòó sábẹ́ ìbòòji díẹ̀, ẹ fún un lómi. Ẹ má bèèrè pé ṣé kí ẹ tún lọ. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti pé ọdún mẹ́wàá kó tó tún bá mi dé irú ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gun rélùwéè lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìkẹrin ló fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí roller coaster kékeré, ó ní kí n jókòó sí apá ọ̀tún òun.