Nígbà Tí Gbogbo Ilé Bá Re Oko: Ìwé Ìtọ́sọ́nà lórí Ààbò Obìnrin Aláàbọ̀ Ara

Kòkó ti pọ́n. Gbogbo agboolé ti jí gba abà lọ láti lọ fọ́ kòkó. Àwọn tó kù nílé ò ju obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ìyá àgbà tó ń tòògbé, àti ọmọ kékeré méjì. Wọ́n ti bu oúnjẹ kalẹ̀ fún obìnrin náà, wọ́n ti gbé omi sí ìtòsí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń kó agbọ̀n jáde, wọ́n gbé ọ̀pá tó fi ń rìn kúrò lọ́nà, wọ́n fi ti ògiri lódìkejì yàrá, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dé. Láti àárọ̀ títí di ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí ilé náà ṣe ń lọ lè ṣílẹ̀kùn wọlé, obìnrin yìí ò sì ní lè dìde.

Nínú ìpàdé àgbẹ̀, a máa ń béèrè ẹni tó ń ṣọ́ kòkó tá a sá. Mi ò rántí ọjọ́ tá a béèrè ẹni tó wà pẹ̀lú ẹni tá a fi sílé.

Ta ló ń ṣe é?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àlejò ló ń ṣe obìnrin aláàbọ̀ ara ní jàǹbá. Àlejò ń ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó sábà máa ń jẹ́ ni ẹni tó sún mọ́ ọn: ọkọ, àbúrò ọkọ, ẹni tó ń fà á lọ́pàá, ẹni tó ń wẹ̀ fún un, ẹni tó ń bá a tajà. Ọwọ́ tó ń fún un lóúnjẹ náà ló ń gbá a létí. Bó bá sọ̀rọ̀ lónìí, ta ni yóò gbé e dé ọsibítù lọ́la? Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń dákẹ́.

Ìwà ipá kọjá ẹgba àti ìgbájú. Kéèyàn gbé kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀pá rẹ̀ pamọ́ kó má baà jáde, ìwà ipá ni. Kí wọ́n di oògùn wárápá rẹ̀ mú títí yóò fi gbà láti ṣe ohun tí kò fẹ́, ìwà ipá ni. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ sínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ láti fi jẹ ẹ́ níyà, kí wọ́n gba fóònù rẹ̀, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí láìsọ fún un, kí wọ́n gba ọmọ ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé “afọ́jú ò lè tọ́mọ”: gbogbo rẹ̀ náà ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá àfín àti abuké kiri nítorí òògùn owó. Ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pè wọ́n, àwọn tí Ọbàtálá fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ẹ wo ibi tá a bá ọ̀rọ̀ náà dé.

Kóńgò gàrí méjìdínlógún

Màmá kan wà tí a jọ ń ṣe ìpàdé, tí kò ríran. Òun ló ń yan gàrí nílé wọn, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ sọ́jà. Ó kíyè sí i pé owó tó ń bọ̀ wálé kéré. Ohun tó wá ṣe ni pé ó ní kí ọmọ rẹ̀ máa wọn gàrí náà létí òun. Bí kóńgò kan bá ti dà sínú àpò, tó gbọ́ bó ṣe ń dún, á so òkúta wẹ́wẹ́ kan mọ́ etí ìró rẹ̀. Òkúta méjìdínlógún ló kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Owó kóńgò méjìlá ni ọkùnrin náà kó fún un. Ó béèrè èyí tó kù, ọkùnrin náà sì fọ́ ọ létí.

Ìgbájú yẹn ni gbogbo ilé bínú sí. Ti kóńgò mẹ́fà náà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Èmi ò gbà. Kóńgò mẹ́fà yẹn ló bí ìgbájú. Obìnrin tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ kò lè wọ ọkọ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti ń lù ú. Nítorí náà, kí obìnrin aláàbọ̀ ara ní orúkọ tirẹ̀ nínú èsúsú àti nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n sì kó owó lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbé ìwé ilẹ̀ wá pé kó tẹ̀ka, kó má tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn ti kà á fún un látòkèdélẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé wí pé kí ẹni tó bá a kọ ìwé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wá a níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé íǹkì kalẹ̀.

Ohun tí aládùúgbò lè fojú rí

Ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ tó wá ń gbọ̀n bí ẹnì kan bá wọlé. Egbò ìdí àti èjìká tí kò jinná. Ẹni tí wọn kì í jẹ́ kó dá nìkan bá àlejò sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé tó déédéé ń ní owó tàbí bisikíìtì tí ẹnikẹ́ni nílé kò fún un. Ẹ má bi í léèrè lójú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti fipá bá a lò pọ̀

Kó má wẹ̀, kó má fọ aṣọ. Ẹ fi aṣọ náà sínú àpò bébà tàbí aṣọ mímọ́. Bó bá wà nínú láílọ́ọ̀nù, yóò bu. Ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn kó tó pé wákàtí 72, nítorí láàárín wákàtí yẹn nìkan ni oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV ń ṣiṣẹ́. Oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún, ṣùgbọ́n bó bá ṣe tètè lò ó tó ló ṣe dáa tó. Ẹni tó bá wà ní Èkó lè lọ sí Mirabel Centre, ibùdó tó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ibẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó máa tún ìtàn náà sọ fún gbogbo ẹni tó bá yọjú wá kíni.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyí, pàápàá fún adití. Obìnrin náà ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, ọlọ́pàá ò gbọ́ ọ, ni wọ́n bá ní kí ẹnì kan nínú ẹbí túmọ̀. Ẹni tó dìde láti túmọ̀ náà wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí a fẹ̀sùn kàn! Mo ti jókòó níbi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà na ìka sí ọrùn, ó fa aṣọ rẹ̀ ya lójú gbogbo wa, ògbufọ̀ ní, “Ó ní àwọn jà díẹ̀ ni.”

Ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ náà tan. Olùkọ́ ilé ìwé adití tàbí ẹgbẹ́ àwọn adití lè bá yín wá a. Bí ẹnì kan bá sọ pé odi ò lè jẹ́rìí ní kóòtù, irọ́ ni: òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 176, gbà kí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fi ìkọ̀wé tàbí àmì ọwọ́ jẹ́rìí ní gbangba kóòtù.

Òfin tó de ìwà ipá sí ènìyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, lè sọ afipábánilòpọ̀ sẹ́wọ̀n gbére. Ó tún ka fífi owó duni àti sísé èèyàn mọ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Abuja ni òfin yẹn ti múlẹ̀ tààrà, àmọ́ Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Oǹdó ti ṣe tiwọn. Èkó ti ní òfin ìwà ipá inú ilé láti 2007, Èkìtì sì ní tirẹ̀ láti 2011. Agbẹjọ́rò Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran tálákà lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní.

Bí ẹbí bá pe ìpàdé

Wọ́n á ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ìjà ààlà oko ni òwe yẹn bá mu. Ìfipábánilòpọ̀ kì í ṣe ohun tí Baálẹ̀ ń fi ìgò ọtí kan parí.

Bó bá di dandan kí ẹnì kan kúrò nílé, ọkùnrin náà ni kó kúrò. Obìnrin tí kò ríran ti fi ọdún púpọ̀ mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ẹnu ọ̀nà dé kànga, ó mọ ibi tí gbòǹgbò yọ sókè, ó mọ ẹ̀yìn àrò. Ẹ gbé e lọ sílé onílé, ẹ ti tún un fọ́ lójú nìyẹn. Kóòtù lè pàṣẹ kí ẹni tó ń lù ú má wọ ilé náà mọ́. Bó bá jẹ́ pé òun gan-an ló fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé ààbò tẹ́ ẹ fẹ́ mú un lọ bóyá àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, àti irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ní.

Kí ìkórè tó dé

Kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ yan èèyàn mẹ́ta, kí wọ́n má jẹ́ ará agboolé kan náà. Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta ni pé ẹnì kan lè rìnrìn àjò, ẹnì kan sì lè wá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́. Bí adití ni, kí fílàṣì fóònù méjì tẹ̀ léra jẹ́ àmì pé kí wọ́n máa bọ̀. Bí kò bá ríran, ẹ ra fóònù onítọ́ọ̀ṣì tó ní bọ́tìnnì, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà wọn sí orí bọ́tìnnì 2, 3 àti 4, kó lè tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ láti fi pè wọ́n. Ẹ kọ́ ọ ní 112, nọ́ńbà pàjáwìrì tí kì í jẹ owó. Ọ̀kadà ò lè gbé kẹ̀kẹ́ arọ, nítorí náà ẹ bá oní-Màrúwà kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi oògùn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀dà ìwé NIN àti owó ọkọ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ọ̀pá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kó wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo ilé wà lóko, kó fi àmì ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú tí ẹni àkọ́kọ́ fi dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ wá ẹni kẹrin tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ọn.