Táyà Ọ̀kadà Tó Ń Jò Díẹ̀díẹ̀: Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Láìná Owó Púpọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ogbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀kadà kó ẹ̀gẹ́ àti káṣú láti ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, láti Ìlujù, láti Àjàáwà wọ ìlú, ẹ̀yin ni a kọ ìwé yìí fún. Ó kan ará ilé náà, torí ọ̀kadà kan náà ló ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, òun náà ló ń gbé ìyá wọn lọ sí ọjà Jagun.

Táyà tó ń dà wá láàmù kì í ṣe èyí tó bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ẹ gbé sílẹ̀ lálẹ́ tó le dáadáa, tí ẹ jí láàárọ̀ tí ẹ bá a tó ti rọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ wa kì í ka irú rẹ̀ sí. A ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, a ó gùn ún lọ, bó bá di ọ̀la a tún fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ ṣírò owó tí ẹ ń san fún fọkanáísà lórí atẹ́gùn lásán láàárín oṣù kan, kí ẹ wá fi wé owó tí wọ́n ń gbà lẹ ihò kan. Owó atẹ́gùn nìkan sì kọ́ ni àdánù. Táyà tó rọ̀ máa ń gbóná lójú ọ̀nà, ó máa ń yí lórí rímù, yóò sì máa fa túùbù lọ́wọ́ lẹ́yìn títí fáàfù (ẹnu tí a ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sí i) yóò fi ya ní ìdí. Túùbù tó bá ti ya ní ìdí fáàfù, ẹnikẹ́ni kò lè lẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ ti di owó túùbù tuntun nìyẹn.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ń jò lóòótọ́. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù bá mú lóru, gbogbo táyà ló máa ń rọ̀ díẹ̀ ní ìdájí. Ẹ gééjì rẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn tí táyà ti tutù, ẹ rántí nọ́ńbà tí ẹ rí, kí ẹ tún gééjì rẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Bó bá fi PSI (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn tí gééjì ń kà) 1 tàbí 2 dín, òtútù lè fà á. Bó bá wà ní 28 lálẹ́ tí ẹ bá a ní 20 láàárọ̀, jíjò ni.

Lẹ́yìn èyí, fáàfù ni kí ẹ wò kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Ẹ yọ ìdérí rẹ̀, kí ẹ fi ìka bu ìfófòó ọṣẹ sí i lẹ́nu. Bí ẹ bá wà lóko tí kò sí ọṣẹ, itọ́ ẹnu náà tó. Ẹ dúró wò ó díẹ̀, ẹ má kánjú. Bí ìfófòó náà bá ń wú díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké, ẹ ti rí i. Irin tíńtín tó wà nínú fáàfù lè ti tú díẹ̀, kí ẹ fún un le. Ó sì lè jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ pupa ojú ọ̀nà ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ yọ ọ́ kí ẹ nù ún, tàbí kí ẹ ra òmíràn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó túùbù. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ẹnu fáàfù sílẹ̀ láìdé. Ìdérí kékeré yẹn ló ń lé yẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn.

Bí fáàfù bá dára, ẹ yí táyà náà díẹ̀díẹ̀ kí ẹ máa fi ojú àti ọwọ́ wá ìṣó. Bí ẹ bá rí ìṣó níbi tó jìnnà sí fọkanáísà, tí atẹ́gùn ṣì wà nínú táyà, ẹ má fà á yọ. Ìṣó yẹn ló ń dí ihò tó dá sí i. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ rọra gùn ún dé ibi tí wọ́n ti lè lẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gún ọ̀pẹ

Níhìn-ín ni owó àwọn ènìyàn wa ti ń ṣòfò jù, èmi tí mò ń kọ ìwé yìí náà sì wà nínú wọn. Táyà ẹ̀yìn mi jò, wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejì ó tún rọ̀, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí gbogbo wa ń bú túùbù pé kò dára. Nígbà kẹrin ni mo tẹ ara táyà náà sẹ́yìn lábẹ́ oòrùn, tí mo rí orí ẹ̀gún ọ̀pẹ kan nínú rẹ̀. Ó dúdú bíi táyà fúnra rẹ̀, kò sì gùn ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Bí táyà bá dúró lásán, ẹ̀gún náà á pa mọ́. Bí mo bá gùn ún, tí ẹrù tẹ̀ ẹ́, á yọ orí gún túùbù. Túùbù kò ṣe ohunkóhun.

Nítorí náà, kí wọ́n tó tú táyà yín, ẹ fi ẹfun sàmì sí ara rẹ̀ níbi tí fáàfù ti yọjú, kí ẹ sì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ṣéènì. Bí wọ́n bá ti tẹ túùbù sínú omi tí wọ́n sì rí ibi tó ti ń hó, ẹ tẹ́ túùbù náà lé orí táyà, kí fáàfù bá àmì ẹfun mu. Ibi tí ihò bá kàn lára táyà, ibẹ̀ ni ọ̀tá wà. Ẹ má fi ọwọ́ lásán wá a, àkísà ni kí ẹ fi nu inú táyà náà yípo. Ẹ̀gún yóò fa okùn àkísà náà kí ó tó gún yín lọ́wọ́.

Ojú ihò náà a máa sọ̀rọ̀. Bó bá wà ní apá tó kọjú sí rímù, orí sípóòkù ló ń gún un, ẹ wo rọ́bà tó yẹ kó bo orí sípóòkù bóyá ó ti já. Bó bá jẹ́ ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò, ẹrù ti pọ̀ jù fún atẹ́gùn tó wà nínú rẹ̀, rímù sì ti gé túùbù jẹ.

Nídìí fọkanáísà

Ẹ dúró tì í, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.” Bó bá jẹ́ sólúṣọ̀n (gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ túùbù) ló fẹ́ lò, ó gbọ́dọ̀ fi sáńpépà ha ojú túùbù títí dídán rẹ̀ yóò fi kúrò, kó nù ún, kó fi sólúṣọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, kó sì dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka bí omi mọ́, kó tó tẹ ohun ìlẹ̀ mọ́ ọn gírígírí. Ìkánjú ní ibí yìí ni lílẹ̀ fi ń ṣí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ jíjó ni, ìyẹn fífi iná lẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí ó tutù pátápátá kó tó tú irin kúrò. Ẹ gbé ọmọ àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù jìnnà síbẹ̀.

Omi tí wọ́n ń dà sínú táyà kó lè dí ihò fúnra rẹ̀ lè gbà yín dé ilé, ṣùgbọ́n kò lè tún fáàfù ṣe, ó sì máa ń jẹ́ kó nira láti lẹ túùbù lẹ́yìn náà. Mi ò ní gba ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ níyànjú láti fi ṣe ohun àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra táyà tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí i lára lẹ́yìn lẹ́tà DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Èyí tó bá ti ń sán káàkiri ẹ̀gbẹ́, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ìwọ̀n atẹ́gùn

Ẹni tó ṣe ọ̀kadà máa ń lẹ ìwé kékeré mọ́ ọn lára tó sọ ìwọ̀n tó yẹ, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, iwájú máa ń jẹ́ PSI 25, ẹ̀yìn 28 bí ẹ bá dá gùn ún, 32 bí ẹ bá gbé ènìyàn. Àárọ̀ ni kí ẹ gééjì rẹ̀, kó tó gbóná.

Bí páàmù ẹlẹ́sẹ̀ bá wọ́n ju agbára ẹnì kan lọ, kí ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún dá àjọ rà á. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín ni kó máa tọ́jú rẹ̀. Kí olúkúlùkù fi irin fáàfù kan, ẹfun, sáńpépà àti àkísà mọ́ sínú ọ̀rá lábẹ́ ìjókòó ọ̀kadà rẹ̀. Sólúṣọ̀n ní tirẹ̀, ilé ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ dé ẹnu rẹ̀ pinpin, torí bí oòrùn bá pa á fún ọjọ́ mélòó kan, yóò ti gbẹ mọ́ inú agolo kí ẹ tó nílò rẹ̀.