Ẹ̀yin olórí ọ́dà (ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn fádà, arákùnrin tàbí sístà tó jẹ́ ẹ̀jẹ́) nínú Ìjọ Àgùdà, ẹ má kọ̀wé fipò sílẹ̀ báyìí

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn kan ń ṣe é bí ìgbà téèyàn ń kúrò níṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n á kọ lẹ́tà lónìí, tó bá dọ̀la wọ́n ti ń di ẹrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Póòpù ni kò nílò kẹ́nì kankan gbà fún un kó tó fipò sílẹ̀, bí Póòpù Benedict XVI ṣe ṣe é nìyẹn ní 2013. Ní tiyín, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé òfin ọ́dà yín kẹ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí, torí òfin ìjọ 189 sọ pé ẹni tó láṣẹ láti fi èèyàn sípò yẹn ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, yálà nínú ìwé tàbí lẹ́nu níwájú ẹlẹ́rìí méjì, tó bá sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ní láti gbà, tí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí wọn ò gbà á, lẹ́tà yẹn ti di bébà lásán, ipò yín ṣì wà lọ́rùn yín. Kí wọ́n tó gbà á, ẹ ṣì lè yí ọkàn padà, torí náà ẹ má tíì gbé e sórí WhatsApp.

Tí wọ́n bá fi ìhàlẹ̀ tàbí ẹ̀tàn gba lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ yín, òfin 188 ní kò múlẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń kọ ọ́ sí náà, ẹ má fi falẹ̀ o. Pedro Arrupe di olórí àwọn Jésúìtì, ọ́dà àwọn fádà àti arákùnrin kan, ní 1965, ipò tí wọ́n ń dìbò yan èèyàn sí títí ọjọ́ ikú. Ó fẹ́ gbé e sílẹ̀ ní 1980, Póòpù John Paul II ní kó ṣì ní sùúrù. Lóṣù kẹjọ 1981, ó ń ti Éṣíà bọ̀, bó ṣe dé pápákọ̀ òfuurufú Róòmù ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Ọdún 1983 ni àpéjọ wọn tó gbà á fún un, wọ́n mú un wọlé, ó jókòó síbẹ̀, ẹlòmíì ló ń bá a ka ọ̀rọ̀ ìdágbére ẹ̀ sétí gbogbo wọn. Ó máa ń ká mi lára gan-an. Àwọn tó tẹ̀ lé e, Kolvenbach ní 2008 àti Nicolás ní 2016, bí ẹni ọgọ́rin ọdún ni wọ́n nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀, ẹnu wọn sì ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ yéé béèrè pé ṣé Sístà ti kúrò ni. Ipò ló gbé sílẹ̀, ẹ̀jẹ́ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mother Teresa fi ipò olórí ọ́dà àwọn sístà ẹ̀ sílẹ̀ ní 1990 torí àìlera, àwọn sístà dìbò, òun náà ni wọ́n tún mú, ó di 1997 kí Sístà Nirmala tó gba ipò.

Tẹ́ ẹ bá sì ti lọ, ẹ má dúró sẹ́yìn arọ́pò yín kẹ́ ẹ máa darí ẹ̀. Francis ti Àsísì, tó dá ọ́dà àwọn Fransískánì sílẹ̀, gbé ipò lé Peter Catani lọ́wọ́ ní 1220, ojú ẹsẹ̀ ló tẹrí ba fún un lójú àwọn arákùnrin yòókù, ó ní òun á máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu.