Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ìtọ́jú fún Ọmọ tí Kò Gbọ́ràn tàbí tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Ṣe Déédéé ní Ìbàdàn

"Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." Ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ilé nìyí, nígbà tí wọ́n bá ṣàkíyèsí pé ọmọ kì í yíjú bí wọ́n bá pè é. Lóòótọ́, ọmọ ò bára wọn mu, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni kò ní ibi tí yóò ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìgbọ́ràn fi ń fẹ́ kí a yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù 1, kí a ti mọ ohun tó ṣe é kó tó pé oṣù 3, kí ìtọ́jú sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 6. Púpọ̀ nínú àwọn ibi tí a ti ń gbẹ̀bí níhìn-ín kì í yẹ etí ọmọ wò, nítorí náà ọwọ́ òbí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè dán an wò nílé. Kí ẹnì kan gbé ọmọ náà lé itan nínú yàrá tó parọ́rọ́, kí ó fi nǹkan ìṣeré fa ojú rẹ̀ mọ́ iwájú, kí ẹlòmíràn sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó rọra máa fi ṣíbí ha etí ife. Ẹ má ṣe gbá ilẹ̀kùn, ẹ má sì fẹsẹ̀ janlẹ̀, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ rárá lè mọ̀ ọ́n lára pé ilẹ̀ mì, ó sì lè rí òjìji yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn jẹ. Ọmọ tó ti pé oṣù 7 yẹ kó yíjú síbi tí ìró náà ti wá. Bí ẹ bá dán an wò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lọ́jọ́ bíi mélòó kan, tí kò yíjú, ẹ gbéra.

Ní ti ara, ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró ní oṣù 4, tí kò lè dá jókòó ní oṣù 9, tí kò rìn ní oṣù 18, tàbí tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú nǹkan kó tó pé ọdún 1, ó yẹ kí dókítà rí i.

Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì gba lẹ́tà níbẹ̀ tí ẹ óò mú lọ sí ọsibítù ńlá, irú bíi UCH ní Orítamẹ́fà, níbi tí àwọn dókítà etí, ti egungun àti àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì wà. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání, kí ẹ sì kọ ìtàn ọmọ náà sínú ìwé: ṣé ó ké nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bíi pupa inú ẹyin adìyẹ (ibà pọ́njú) ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé gìrì tàbí yírùnyírùn ti ṣe é rí? Irú abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún un? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí oògùn bíi gentamicin lè ba etí jẹ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ṣì gún ní ìdí lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́.

Àyẹ̀wò etí ọmọ ọwọ́ kì í dunni. Wọ́n á ki nǹkan kékeré kan bọ etí rẹ̀ nígbà tó bá sùn. Ẹ má jẹ́ kó sùn lọ́nà, kí ẹ sì fún un lọ́mú níbẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ bèèrè ìgbà tí wọn yóò pààrọ̀ èyí tó ń wọnú etí, nítorí etí ọmọ ń dàgbà, èyí tó bá ti kéré á máa hó fíì-fíì. Òógùn ni ọ̀tá ẹ̀rọ náà lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹ máa nù ún gbẹ lálaalẹ́. Kí ẹ sì má ṣe kán àdí sí etí tó ń ṣọyún.

Ọmọ tí wọ́n bí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ká wọlé kì í sábà nílò iṣẹ́ abẹ ńlá bí ẹ bá tètè gbé e wá. Wọ́n á máa tún ẹsẹ̀ náà tò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dè é ní POP, ìyẹn báńdéèjì funfun tó máa ń le gbagidi bó bá gbẹ, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sábà máa ń tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún tàbí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni bàtà onírin, wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù 3, àti nígbà oorun nìkan títí ọmọ á fi tó ọdún 4. Bàtà yìí ló máa ń sú àwọn òbí, torí pé ẹsẹ̀ ti tọ́ lójú wọn. Bí wọ́n bá sì ti bọ́ ọ, ẹsẹ̀ lè padà síbi tó ti wà.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ọsibítù bóyá ètò ìlera adójútòfò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yóò gbé nínú owó náà. Òfin àwọn abirùn tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì sọ pé bí èrò bá tò, abirùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ rọra rán nọ́ọ̀sì létí, kí ẹ sì gba ọjọ́ àpadàwá kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.